Ọmọ Ọwọ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi: Ta Ni À Ń Gbafẹ́ Fún?

Pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó ń gbé ọmọ Ànábì Adamọ rìn lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin! Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí tí a rò pé ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìrun Alaasari lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń tú àwọn ọmọ kéú sílẹ̀, ìyá àgbà kan láti agboolé tí kò jìnnà sí wa wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní ìlú ọba. Wọ́n bí ọmọ kan síbẹ̀, ọmọ náà sì ti pé oṣù 20. Wọ́n fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, ọjọ́ 7 ni wọ́n máa lò lórí òkun.

Màmá ní, "Àlùfáà, ẹ bá mi bi wọ́n. Kí ni ọmọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì fẹ́ rí láàárín agbami?" Ọmọ rẹ̀ dáhùn lórí fóònù pé, "Màmá, fún ọmọ náà la ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kí òun náà jẹ̀gbádùn ayé." Màmá ní, "Kò ní rántí!" Ni àwọn méjèèjì bá dákẹ́, wọ́n ń retí kí a sọ ẹni tó jàre.

A kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní wọ́n bi wá bóyá wíwọ ọkọ̀ ojú omi jẹ́ halali ni, ọ̀rọ̀ náà kò bá ti tán níbẹ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò lè bèèrè nǹkan, tí kò lè kọ nǹkan, tí kò sì ní rántí nǹkan, kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lára wa? Báwo la ṣe máa mọ ìgbà tí a ṣe nǹkan fún un, àti ìgbà tí a kàn fi orúkọ rẹ̀ bojú?

Ọkọ̀ ojú omi kò ṣàjèjì sí àwọn ènìyàn wa. Àwọn àgbà ṣì ń sọ nípa ọkọ̀ Aureol, èyí tí iléeṣẹ́ Elder Dempster fi ń ná ọ̀nà láàárín Apápá àti Liverpool láti 1951. Ó gba nǹkan bíi 350 èrò, ìrìn àjò náà sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òun, Apapa àti Accra ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa lọ sí ìlú ọba láyé ìgbà náà. Ní 1974 ni Aureol fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú àwọn tó wọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ọ̀nà lásán ni òkun, ìwé ni wọ́n ń bá lọ. Ìbéèrè tó sì dojú kọ tọkọtaya tó ní ọmọ kékeré nígbà náà ni pé, ṣé ká gbé e dání ni àbí ká fi í sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ fi í sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Àwọn mìíràn gbé tiwọn dání, tàbí kí wọ́n bímọ sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé àti iṣẹ́ pa pọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n gbé ọmọ fún àwọn òyìnbó kan láti bá wọn tọ́ ọ, wọ́n sì ń san owó fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Nursery World ni wọ́n ti máa ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Gbajúmọ̀ òṣèré nì, Adewale Akinnuoye-Agbaje, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jáde bẹ́ẹ̀. Ó ṣe fíìmù Farming ní 2018 láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. A kò mẹ́nu bà á láti dá àwọn òbí ìgbà náà lẹ́jọ́ o. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, wàhálà wọn kì í sì í ṣe kékeré. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kéré nígbà náà. Bí ohun tí ọmọ kò rántí kò bá já mọ́ nǹkan, ìwọ̀nyẹn kò bá tí dun ẹnikẹ́ni nínú wọn dàgbà.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti òde òní yàtọ̀. Òun gan-an ni ibi tí wọ́n ń lọ. Èyí tó ń jẹ́ Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2024, lè gba ju 7,000 èrò lọ lẹ́ẹ̀kan. Oúnjẹ wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ọtí àti ilé tẹ́tẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Bí ọkọ̀ bá sì máa la agbami kọjá, wọn á ní kí ọmọ pé oṣù 12. Ọmọ tó bá ṣì ń wọ páńpásì, wọn kì í sábà jẹ́ kó wọ odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí gbogbo èrò ń lò. Ibi ìṣeré ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, nǹkan bí ọmọ ọdún 3 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ni ọkọ̀ gan-an mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ oṣù 20 ni wọ́n kàn án fún.

Ṣé Màmá ló wá jàre? Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ tó gbára lé, pé ọmọ kò ní rántí. Ta ni nínú wa ló rántí ọmú tó mu? Ta ló rántí ẹ̀yìn tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n? Síbẹ̀, nígbà tí Ọlọ́hun ń pàṣẹ nínú Al-Kùránì pé kí a ṣe dáadáa sí òbí, oyún tí ìyá fi ìnira rù àti ọmú tó fún wa ni Ó ka sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ kò lè rántí láé! Bí a bá ní ohun tí ọmọ gbàgbé ti di òfo, gbèsè tí a jẹ àwọn ìyá wa náà ti di òfo nìyẹn. A sọ èyí fún Màmá. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, ẹ ti fi ọ̀rọ̀ mi mú mi."

Ẹ tún wo obìnrin tó bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pàdé ní Rawhaa, lójú ọ̀nà láàárín Mẹ̀dínà àti Mẹ́kà. Ó gbé ọmọdé kan sókè, ó bèèrè bóyá ọmọ náà ní háájì. Ànábì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ìyá náà yóò gba làádá. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé háájì ọmọdé náà dára, ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ̀ranyàn kúrò lọ́rùn rẹ̀ bó bá bàlágà. Ní ọdún 10 Híjírà, Asmaa ọmọ Umays bí Muhammad ọmọ Abu Bakr sí Dhul-Hulayfa, níbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò háájì ìdágbére, kò sì padà sílé. Gbígbé ọmọ rìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àṣedànù.

Ṣùgbọ́n ọmọ Màmá náà kò tíì bọ́. Òun ní fún ọmọ náà ni. Àníyàn ni ìdí iṣẹ́, ẹ̀yin ará wa. Nígbà tí a bi í léèrè lọ́wọ́ jẹ́jẹ́ pé kí ló mú ọkọ̀ ìgbafẹ́ wá sí i lọ́kàn, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó òun ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀sán ni tòun, pé ẹnu ọ̀nà ni àwọn ti máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Ó ní, "Ùsítáàsì, ó ti rẹ̀ wá."

Ẹ gbọ́ ná. Ǹjẹ́ ohun ìtìjú kankan wà nínú ìyẹn? Nígbà tí Salman rí bí Abu Dardaa ṣe ń fi ìjọsìn ni ara rẹ̀ lára tó sì gbàgbé ìyàwó rẹ̀, ó rán an létí pé ara ní ẹ̀tọ́, ará ilé náà ní ẹ̀tọ́. Ànábì sì fọwọ́ sí ohun tí Salman sọ. Ìsinmi tọkọtaya tó ti rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé ni pé a mú ohun tí àgbà fẹ́, a fi orúkọ ọmọdé sí i. Bó bá wá di ọjọ́ kẹta lórí òkun, tí ọmọ ń ké, tí kò jẹun, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, àwọn òbí á máa bínú sí i pé aláìmoore ni. Ṣé òun ló ní kí wọ́n gbé òun wá?

Àwa náà ti jẹ̀bi irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ọmọ wa ọkùnrin pé ọdún 2, a gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Ìkòròdú, a ní kí ó lọ rí ọ̀sà. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì tí wọ́n fún un jẹ́ ti àgbà, ó ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó yẹ kí a sọ pé a kò lọ mọ́. A kò sọ ọ́, nítorí a ti sanwó, ojú sì ń tì wá láàárín èrò. Oorun ni ọmọ náà sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó jí, àkàrà ló bèèrè. Àwa la rí ọ̀sà. Ẹ̀mí rẹ̀ la sì fi rí i. Títí di òní, bí a bá rántí ẹ̀wù yẹn, a máa ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ìyá Ànábì Musa gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í sójú odò, ṣùgbọ́n idà Firiaona ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àṣẹ Ọlọ́hun ló sì tẹ̀ lé. Ìgbafẹ́ kì í ṣe tipátipá. Nítorí náà, ìṣọ́ra ẹni tó ń gbafẹ́ gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tó ń sá àsálà lọ. A ní kí a so ràkúnmí kí a tó gbára lé Ọlọ́hun. Kí ojú má kúrò lára ọmọ létí omi. Kí wọ́n máa fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, nítorí àrùn inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tètè ń ràn níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń jẹun pọ̀. Kí wọ́n mọ ohun tí ilé ìwòsàn inú ọkọ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kí wọ́n jìnnà sí ìdí ọtí àti tẹ́tẹ́. Kí wọ́n má sì yá owó, pàápàá owó èlé, láti fi ṣe fàájì.

Kí wá ni ọmọ kékeré lè rí mú nínú ìrìn àjò? Ẹ wo Ummu Khalid, ọmọ Khalid ọmọ Sa'id. Ilẹ̀ Habaṣa ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ sá lọ nítorí ẹ̀sìn. Ní ọdún 7 Híjírà, tíí ṣe 628, àwọn ará Habaṣa fi ọkọ̀ ojú omi padà wá bá Ànábì, òun náà sì kéré nígbà náà. Nígbà tó dàgbà tó ń ròyìn fún àwọn ènìyàn, ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa láti ẹnu rẹ̀ kò sọ nípa ìgbì òkun. Aṣọ dúdú kékeré kan tó ní iṣẹ́ ọnà lára ló sọ, èyí tí Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ fún un. Ó sọ bí Ànábì ṣe fi èdè Habaṣa sọ fún un pé ó dára, èdè tí òun ọmọdé gbọ́. Ó sọ bí òun ṣe ń fi àmì tó wà lára Ànábì ṣeré, tí bàbá òun jágbe mọ́ òun, tí Ànábì sì ní kí ó fi òun sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Ọmọdé kì í mú òkun, kì í mú erékùṣù. Ọwọ́ tó gbé e àti ojú tó rẹ́rìn-ín sí i ló ń mú. Bí àwọn òbí yìí bá lọ, tí iṣẹ́ kò pè wọ́n fún ọjọ́ 7, tí ọmọ náà rí bàbá àti ìyá rẹ̀ lójú kan náà láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọmọ ti rí ìpín tirẹ̀ gbà. Bí wọ́n bá débẹ̀ tí wọ́n sanwó fún alágbàtọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, wọn kò gbé e lọ síbì kankan.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Màmá sì jókòó, kò dìde. Ó ní, "Àlùfáà, mi ò bá ọkọ̀ wọn jà. Ọmọ náà ò tíì mọ òórùn mi ni." Gbogbo wa dákẹ́, ti orí fóònù náà dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n Màmá kò tíì fọwọ́ kan orí ọmọ yìí rí.

A sọ fún ọmọ rẹ̀ pé a kò ní fi haramu de ohun tí Ọlọ́hun kò fi dè. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀tọ́ méjì, ó ní èyí tó lè dúró, ó ní èyí tí kò lè dúró. Òkun á wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà fún Màmá? Ó ní owó tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe méjèèjì lọ́dún yìí, pé kí a jẹ́ kí òun bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. A kò fi ipá mú un, nítorí òun àti ìyàwó rẹ̀ ló mọ bó ṣe rẹ̀ wọ́n tó. Títí tí a fi ń kọ èyí, wọn kò tíì sọ ibi tí wọ́n fì sí. Ohun tí a gbọ́ ni pé Màmá ti ra aṣọ àti fìlà kékeré kan ní Ọjà'ba, ó ń wá ẹni tó ń lọ sí ìlú ọba tí yóò bá a mú un dání.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbéyàwó, ọ̀pọ̀ kò tíì lọ́kọ. Ọjọ́ ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, tí ẹ̀yin náà yóò gbé ọmọ lọ sí ìnáwó, sí ìrìn àjò, tàbí síwájú ayàwòrán. Kí ẹ tó gbé e, ẹ bi ara yín pé, ta ni mo ń ṣe é fún? Bó bá jẹ́ tara yín ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ọmọ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Àmáánà ni ọmọ. Ẹni tó fi í ṣọ́ wa kì í gbàgbé, bí ọmọ tilẹ̀ gbàgbé.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọmọ tó yanjú, kí Ó jẹ́ kí a mọ ẹ̀tọ́ wọn àti ti àwọn tó bí wa. Kí Ó mú gbogbo arìnrìn-àjò wa délé láyọ̀. Àmín.