Ẹ Kú Ewu Ọmọ

Ní àdúgbò wa ní Ẹgàn, ìyàwó ilé kan wà tí oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti pé oṣù méje. Ẹ̀rù ìkúnlẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn lóru. Nígbà tí ó wá kí ìyàwó mi, mo tù ú nínú, mo ní ewu iná kì í pa àwòdì. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá béèrè pé, "Dádì, àbúrò màmá mi tó kú lórí ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe àwòdì ni?" N kò rí èsì fọ̀, èmi tí mo ń fi òwe jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ìtùnú bo òótọ́ mọ́lẹ̀ fún aboyún? A kì í sọ ọ̀rọ̀ ibi létí aboyún. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ náà, nítorí ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn aláhesọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá bímọ tán, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń kí i. A mọ̀ pé ewu ni. A kàn ń dúró kí ó kọjá kí a tó dárúkọ rẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ni ó bá oyún tàbí ìbímọ lọ káàkiri ayé, nǹkan bí 75,000 nínú wọn ní Nàìjíríà. Ta ni yóò wá pe ọmọbìnrin yìí ní ojo?

Ní UCH, Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí kan lára obìnrin 585, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2009. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan mú ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n nígbà ìrọbí wá. Ọkọ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìrora àwọn tí kò ní alábàárò pọ̀ ju tàwọn wọ̀nyí lọ, ìrọbí wọn pẹ́ jù, iṣẹ́ abẹ sì kàn wọ́n ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Iṣẹ́ ìyá àti ìyá ọkọ ni èyí láyé àtijọ́.

Mo tún ránṣẹ́ pè é. Lọ́tẹ̀ yìí n kò pa òwe kankan. Mo ní kí ó sọ bí ti àbúrò màmá rẹ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dá, wọn kò sì rí ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Òun àti ìyàwó mi jókòó, wọ́n kọ ẹni tí ó ní ọkọ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó lè fún un ní ẹ̀jẹ̀, àti ohun tí yóò bi àwọn agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò, pàápàá bóyá ọkọ rẹ̀ lè wọlé tì í.

Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti ń sùn di aago mẹ́ta òru báyìí.