Àgbò Àkíkà àti Owó Oògùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò kì í ṣe ti àwọn Àlùfáà nìkan, ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá fi ìlera ara rẹ̀ ra ìdùnnú fún ẹbí rẹ̀, ṣé oore ni ó ṣe? Àwa tí a sì jẹ nínú ìdùnnú náà ńkọ́, ṣé ọwọ́ wa mọ́?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ó mú mi bèèrè. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Bàbá wa ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ìyá wa ṣì wà nílé náà. Ní ìparí ọdún, nígbà tí ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ bá wọ ìsinmi, àwa ọmọ a máa wá láti Ìbàdàn, láti Èkó àti láti Ìlọrin. Kì í ṣe ọdún ẹlẹ́sìn mìíràn ni a ń bá wọn ṣe. Ìgbà tí àyè yọ ni, síso okùn ẹbí pọ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ láádá nínú ẹ̀sìn wa. Àsìkò ọyẹ́ ni pẹ̀lú. Atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà yóò ti dé, ètè yóò máa là, eruku yóò bo ewé, òwúrọ̀ yóò sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé yóò fi yí iná ká.

Ní ọdún yẹn, ìyàwó àbúrò mi bí ọmọkùnrin ní ọ̀sẹ̀ tí a pé jọ gan-an. Ayọ̀ di méjì, ṣùgbọ́n owó kò sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti fò sókè. Àbúrò mi ní òun yóò sọ ọmọ lórúkọ láìpa àgbò, pé bí Ọlọ́hun bá ṣí ọ̀nà lọ́jọ́ iwájú, òun yóò ṣe ìyókù. Inú ìyá wa kò dùn sí i. Ó ní, "Ọmọkùnrin, láàárín ẹbí tó pé báyìí, kí ẹ wá máa pín bisikíìtì? Kí ni ará àdúgbò yóò wí?" Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àgbò ti wà lẹ́yìnkùlé. A bi í léèrè, ó ní òun kó àjọ òun ni. A dúpẹ́, a súre fún un, a kò sì bi í léèrè mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé, Lémọ́ọ̀mù wa sọ ọmọ lórúkọ, a pa àgbò, a jẹ, a mu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọyẹ́ mú jù, ìyá wa dìde láti ṣe àlùwàlá fún ìrun àsúbáà. Kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò já gaara. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́. Ẹnìkan ní kí á kọ́kọ́ fi òrí pa á lára, ẹlòmíràn ní kí á jẹ́ kí ó sùn díẹ̀. Ọlọ́hun ni ó jẹ́ kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́, nítorí pé nínú àrùn rọpárọsẹ̀, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ilé ìwòsàn ni àṣírí ti tú. Lóòótọ́ ni ó kó àjọ, ṣùgbọ́n àjọ náà kò tó àgbò. Láti ìgbà tí oyún ti wọ oṣù kẹjọ ni ó ti dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dúró, tí ó ń tọ́jú owó tí a ń fi ránṣẹ́ fún oògùn náà pamọ́. Ó ní ara òun le, kò sì sí ibì kan tí ń dun òun. Ẹ̀tàn ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, ara ẹni a sì máa dà bíi pé ó le, títí ọjọ́ tí nǹkan yóò bàjẹ́. Òtútù pẹ̀lú a máa mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún, kí ẹ̀jẹ̀ sì túbọ̀ ru. Ìgbà ọyẹ́ kì í ṣe ìgbà tí ó yẹ kí olóògùn fi oògùn sílẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹbí sọ pé iṣẹ́ ìyá ni ó ṣe. Wọ́n ní owó rẹ̀ ni, ara rẹ̀ ni, ó sì wù ú kí ó fi ta ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Wọ́n ní ẹni tí ó fi ẹlòmíràn ṣáájú ara rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àwọn ẹni ire. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀sìn bèèrè lọ́wọ́ wa. Imam Malik, ẹni tí àwa ní ìhà ilẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, tí ó sì di olóògbé ní ọdún 795, jẹ́ kí ó yé wa nínú Al-Muwatta pé àkíkà kì í ṣe ọ̀ranyàn, ohun rere tí a fẹ́ ni. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹran kan náà ni fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ó lè fún ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí ó dára, kí ó fá irun orí rẹ̀, kí ó sì fi fàdákà ìwọ̀n irun náà, tàbí iye owó rẹ̀, ṣe sàráà. Ìwọ̀n irun ìkókó kò wúwo.

Ẹ tún wo èyí. Ìrun wákàtí márùn-ún, ọ̀ranyàn ni, àlùwàlá sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí omi yóò bá pa ènìyàn lára nítorí àìsàn, ẹ̀sìn gbà á láàyè kí ó ṣe táyámámù. Ààwẹ̀ Ramadan, ọ̀ranyàn ni, síbẹ̀ ẹ̀sìn ní kí aláìsàn jẹun kí ó sì san án padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ẹ̀sìn tí ó dẹ ọ̀ranyàn nítorí ara wa, báwo ni yóò ṣe bèèrè pé kí á fi ara san ohun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn? Imam Al-Ghazali, tí ó di olóògbé ní ọdún 1111, ka ohun márùn-ún tí òfin ẹ̀sìn wá láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, àrọ́mọdọ́mọ àti dúkìá. Kò sí àpèjẹ nínú wọn. Ẹ̀mí ni ó tẹ̀ lé ẹ̀sìn.

Wọ́n ní ara rẹ̀ ni. Àmáánà ni ara, ẹ̀yin ará mi. Ọlọ́hun ni ó ni ín, a kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, nítorí pé ìyá tí ó fi oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún ọmọ tí ebi fẹ́ pa, ara rẹ̀ náà ni ó ń ná, a kò sì lè bá a wí. Kí ni ìyàtọ̀? Ohun tí ọmọ gbà ni ìyàtọ̀. Ọmọ tí ebi ń pa gba ẹ̀mí. Ìkókó wa kò gba nǹkan kan nínú àgbò yẹn. Ọmú ni ó ń mu, aṣọ òtútù ni ó ń fẹ́, orúkọ rẹ̀ ì bá sì dúró bó ti dúró. Ta wá ni a pa àgbò náà fún? Ojú ayé ni. Ẹni tí ẹ̀rù ìtìjú bá sì ń lé, a kò lè sọ pé tinú-tinú ni ó fi tọrẹ.

Ẹ má ṣe rò pé ìyá wa ni mo ń dá lẹ́bi. Ìfẹ́ ni ó ṣe é, Ọlọ́hun sì mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi ni mo ń dá lẹ́bi. Èmi ni àkọ́bí. Mo mọ iye tí ìyá wa ń dá ní àjọ, mo rí bí àgbò náà ti tóbi tó, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ìṣírò náà kò pé. N kò bèèrè nítorí pé bí mo bá bèèrè, èmi ni yóò san án. Ojú tí mo fi wo inú ìkòkò ọbẹ̀, n kò fi wo inú àpò oògùn rẹ̀. Mo jẹ nínú ẹran náà, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Ẹnìkan tù mí nínú pé kádàrá ni. Mo gbà pé kádàrá ni. Ṣùgbọ́n ìtùnú ni kádàrá jẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí kò ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ ràkúnmí: kí á so ó mọ́lẹ̀, kí á tó gbé ara lé Ọlọ́hun.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé oore tí ó bá fi ohun pàtàkì ra ohun tí kò pọn dandan, ìfẹ́ lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò sí níbẹ̀. Ìdáhùn sí èkejì sì ni pé ẹni tí ó gba irú oore bẹ́ẹ̀ láìbèèrè ibi tí ó ti wá, ó ní ìpín nínú gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má ṣe yọ̀. Bí agbára bá wà, ẹ pa àgbò, kí ẹ sì fún aládùúgbò jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá délé lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ bi àwọn àgbà pé, "Oògùn yín kù mélòó?" Ẹ má ṣe gba "ara mi le" ní ìdáhùn, ẹ ní kí wọ́n mú àpò oògùn wá kí ẹ fi ojú yín rí i. Nílé wa nísinsìnyí, oògùn ni a ń kọ́kọ́ dáwó fún, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà nínú yàrá ìyá wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì padà sípò tán. Ọwọ́ òsì ni ó fi di ọmọ náà mú nígbà tí ó ń kọ́ ìrìn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó wo àwọn ọmọ wa dàgbà, kí Ó sì fún àwa tí ara wa le ní ojú tí a ó fi máa rí ara wa. Àmín.