Abẹ Tí Ó Ní Ààbò

Bismillahi Rahmani Rahim.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa tí ó sì tò wá létòlétò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.



Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsálátù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Abẹ́òkúta tú aṣọ ìnujú kan níwájú mi. Abẹ àtijọ́ mẹ́ta ni ó dì sínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ogún tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ra méjì yòókù lọ́wọ́ àwọn tí ń ta àlòkù ní Láfẹ́ńwá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aáfà, mo ń kó wọn jọ ni, mo sì ń fi wọ́n fárí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?"

Mo ní kí ó ní sùúrù, pé inú ìwé ìròyìn wa ni n óò ti dá a lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn ju ẹnì kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ tí àwọn àgbẹ̀dẹ wa ń rọ, tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń fárí fún àwọn baba wa, ìta gbangba ni ojú rẹ̀ wà. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dé. Ní ọdún 1880, àwọn ọmọ ìyá kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Kampfe, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí abẹ kan tí wọ́n pè ní Star. Wọ́n fi irin ìdènà sí iwájú ojú abẹ náà, kí ó lè gé irun láìjìn wọ inú ara. Ojú kan ṣoṣo ni bíléèdì rẹ̀ ní, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ mìíràn jáde, bíi Gem àti Ever-Ready. Ní ọdún 1904 ni King Gillette gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lórí abẹ tí bíléèdì rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ó mú ní ojú méjèèjì, tí a ń lò tí a sì ń sọ nù. Èyí olójú méjì ni ó gba ọjà wa kan. Ṣùgbọ́n olójú kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ̀dọ́ wa kó wá.

Ẹ kíyè sí i: àwọn tí ó ṣe abẹ yìí kò sọ irin náà di aláìmú. Mímú rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ààbò ni wọ́n fi sí i. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí òun gan-an ni ìwáàsí mi.

Nísinsìnyí, ìdáhùn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun kò ṣe ní èèwọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di èèwọ̀. Nínú Suratul Hadid, áàyá 25, Ọlọ́hun fi yé wa pé agbára líle wà nínú irin, àǹfààní sì wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń kó abẹ jọ bá ra ẹ̀kẹrin nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wá owó oògùn, ọ̀rọ̀ ti di ìná àpà nìyẹn.

Ẹ̀sìn wa pàápàá fún abẹ ní iṣẹ́. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànábì ka nǹkan márùn-ún mọ́ ìmọ́tótó tí Ọlọ́hun dá mọ́ ènìyàn: ìkọlà, fífá irun abẹ́, gígẹ irun orí ètè, gígé èékánná àti fífa irun abíyá. Orúkọ tí Lárúbáwá ń pe fífá irun abẹ́, istihdad, láti ara irin ni ó ti wá. Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Anas pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn irun àti èékánná wọ̀nyí kọjá òru 40. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ kò yọ sílẹ̀ nínú èyí o. Ní ti irùngbọ̀n, Ànábì ní kí ọkùnrin fi í sílẹ̀. Ó sì kọ̀ fún wa kí a fá apá kan orí kí a dá apá kan sí, bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣe lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sojú abẹ níkòó lórí ọ̀rọ̀ kan. Abẹ kì í ṣe ohun àjùmọ̀lò. Kòkòrò tí ń fa àrùn éèdì lè gba ara ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lójú abẹ wọ ara ẹlòmíràn. Èyí tí ń fa àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìwọ ni o ni orí rẹ. Bí o bá jókòó síwájú onígbàjámọ̀, sọ fún un kí ó tú bíléèdì tuntun lójú rẹ. Má ṣe tijú rẹ̀. Ìwọ tí ń ra abẹ àlòkù, yọ bíléèdì tí o bá nínú rẹ̀ dànù, fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ abẹ náà dáadáa, kí o sì fi tuntun sí i. Wọ́n ṣì ń ṣe bíléèdì olójú kan títí di òní.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn sàábé kan tí Bukhari gbà wá. Àwọn ọ̀tá dalẹ̀ Khubaib ọmọ Adiyy, wọ́n mú un, wọ́n sì tà á ní Mọ́kà. Àwọn ọmọ Harith ni ó rà á, kí wọ́n lè fi ẹ̀mí rẹ̀ gbẹ̀san baba wọn tí ó kú ní ogun Badri. Nígbà tí ó mọ̀ pé ikú òun ti dé tán, ó yá abẹ lọ́wọ́ ọmọbìnrin Harith kan kí ó lè fá irun abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ni ó ń wá ìmọ́tótó yìí o! Obìnrin náà yá a. Kò fura tí ọmọ rẹ̀ kékeré fi rìn lọ bá ẹlẹ́wọ̀n náà. Nígbà tí yóò fi bojú wò, ọmọ wà lórí itan Khubaib, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jìnnìjìnnì bo ìyá ọmọ. Khubaib rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ó bi í bóyá ó rò pé òun yóò pa ọmọ náà, ó sì fi dá a lójú pé òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un jáde kúrò ní ilẹ̀ ọ̀wọ̀, ó kí ìrun ràkà méjì, wọ́n sì pa á. Obìnrin yìí kan náà ni ó jẹ́rìí pé òun kò rí ẹlẹ́wọ̀n tí ó dára tó Khubaib rí.

Abẹ tí Khubaib mú dání kò ní irin ìdènà kankan. Àwọn tí ó fẹ́ pa á ni ó ni ọmọ orí itan rẹ̀. Kí ni ó wá dá ọwọ́ rẹ̀ dúró? Taqwa ni, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Nínú èdè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí dídáàbò bo nǹkan ni taqwa ti jáde wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́hun kò ní kí ẹ di irin kíkú. Òun ni ó dá agbára, ìbínú àti ìfẹ́ àárín ọkùnrin àti obìnrin mọ́ wa. Ààbò ni ó fi sí wọn: ìgbéyàwó fún ìfẹ́, sùúrù fún ìbínú, òtítọ́ fún ahọ́n, nítorí ahọ́n náà mú ju abẹ lọ. Abẹ́òkúta yìí ti sin àwọn ọ̀dọ́ tí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn pa. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, bí ọmọ tí ó wà lórí itan Khubaib. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní irin nínú àpò tí kì í ṣe fún irun tàbí fún iṣẹ́ òòjọ́, kí ó jù ú nù kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.

Àbúrò mi, máa kó abẹ rẹ jọ. Nígbàkígbà tí o bá gbé èyí tí bàbá bàbá rẹ fi sílẹ̀ sókè, wo irin ìdènà tí ó wà níwájú rẹ̀, kí o sì bi ara rẹ léèrè bí tìrẹ ṣì bá wà ní ipò.

Kí Ọlọ́hun fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ ṣe ààbò fún ọwọ́ wa, ahọ́n wa àti ọkàn wa. Aamin. Ma salaam.