Ṣé Ó Tọ́ Kí Á Máa Yan Ìgbà Oyún fún Àgùntàn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí, àwọn kan ní dídá sí iṣẹ́ Ọlọ́hun ni bí ènìyàn bá ń fi oògùn yan ìgbà tí àgùntàn yóò lóyún. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ètò náà fúnra rẹ̀.

Abo àgùntàn tí kò lóyún a máa wá akọ ní bí ọjọ́ 17 síra wọn. Ojú ibi tí ẹyin ti já lára rẹ̀ ni yóò máa tú oje kan tí à ń pè ní progesterone sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹyin mìíràn já. Bí oyún kò bá dúró, ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò rán oje mìíràn lọ pa ojú ibẹ̀ rẹ́, ètò á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù bíi Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ wọn kì í wá akọ àfi nígbà tí òru bá ń gùn sí i. Lọ́dọ̀ tiwa tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yípo ọdún ni.

Àwọn olùsìn a máa ki fóòmù kékeré tí wọ́n rẹ sínú oògùn tó jọ progesterone sí ojú ara àgùntàn fún bí ọjọ́ 12 sí 14. Bí wọ́n bá yọ ọ́, láàárín bí ọjọ́ 2, ọ̀pọ̀ nínú agbo á jọ máa wá akọ. Èyí kò dẹ́rù bà mí. Ní ilẹ̀ òtútù ọ̀hún, bí a bá mú àgbò jìnnà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí a dá a padà lójijì nígbà tí àsìkò ń sún mọ́lé, ara àwọn abo á jí. Ohun tí òórùn àgbò lè jí, ta ló sọ pé ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kàn án?

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi kún un ló dùn mí. Inú ẹ̀jẹ̀ abo ẹṣin tó lóyún ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní Iceland, wọ́n ti gba tó lítà 5 lára ẹṣin kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ìgbà 8 nínú oyún kan. Bí abẹ́rẹ́ náà bá sì pọ̀jù, àgùntàn lè bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ọmú 2 péré ló ní. (Mi ò sọ pé ẹran rẹ̀ di èèwọ̀ o, ìbéèrè mìíràn nìyẹn.) Àmánà ni ẹranko lọ́wọ́ wa. Bí ebi bá ń pa ìlú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí kí ọmọ àgùntàn lè jọ dé ọjà, kí owó lè tètè wọlé, ni wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ aboyún.

Ẹni tó ń sin àgùntàn 10 tàbí 20 lẹ́yìnkùlé nílẹ̀ wa kò nílò rẹ̀ rárá. Kí ó fi àgbò sáàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ 5: ìgbà 2 ni ara ọ̀kọ̀ọ̀kan á béèrè rẹ̀. Oyún á gba bí oṣù 5, kí ó ti máa wá oúnjẹ abiyamọ sílẹ̀.