ÀTÚNṢE ILÉ ÀTIJỌ́

Ẹ jẹ́ kí a ka Mátéù 9, ẹsẹ 16, kí a sì ronú lé e lórí.

Ní ẹkùn Cotswolds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé òkúta ń bẹ tí wọ́n ti lé ní 300 ọdún, tí ìdílé sì ń gbé inú wọn títí di òní. Àwọn onílé fẹ́ iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, omi ẹ̀rọ, àti yàrá tí kò tutù fún àwọn ọmọ wọn. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ilé tí kò ṣeé gbé kò ní pẹ́ di ahoro.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí bí ìparun ti ń wọlé. Ẹfun tí a fi òkúta sun, tí a pò mọ́ iyanrìn, ni àwọn baba ìgbàanì fi so òkúta wọn pọ̀. Ẹfun náà rọ̀ ju òkúta lọ. Bí òjò bá rin ògiri, ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń gbà jáde. Ọ̀mọ̀lé tí kò mọ̀ a há a kúrò, a sì fi sìmẹ́ńtì dí i, nítorí ó rò pé ohun tí ó le jù ni ó dára jù. Ọ̀rinrin kò rí ọ̀nà mọ́, ó padà sínú òkúta. Nígbà tí òtútù bá sì sọ ọ́ di yìnyín, ojú òkúta a bó. Àtúnṣe di ìbàjẹ́. Ilé ìsìn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àtúnṣe tí ń ba nǹkan jẹ́. Nítorí rẹ̀ ni William Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1877 láti dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́.

Olúwa wa kò dá aṣọ titun lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni kò kẹ́gàn ògbólógbòó ẹ̀wù. Àìbáramu wọn ni ó fi hàn wá.

Àwa òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Nígbà tí àwọn ọmọ wa mú ìbéèrè titun wọlé, ṣé a kò ti fi òfin líle dí ibi tí ó yẹ kí sùúrù wà? A rí i pé wọ́n dákẹ́, a sì rò pé ilé ti dúró. Ẹkún tí kò rí ọ̀nà jáde ti padà sínú.

Nítorí náà, níbi àdúrà ìdílé ní alẹ́ òní, kí a gbọ́ ti àwọn ọmọ kí a tó bá wọn wí. Kí Ẹni tí í ṣe Òkúta Igun Ilé kọ́ wa ní àtúnṣe tí kì í fọ́ ilé. Àmín.