Ìbọn Lọ́wọ́ Ará Ìlú: Ààbò Ni Tàbí Ewu?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fẹ́ kí òfin gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ lè fi òwe yìí gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tí kò ní ohun ìjà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí ó ní in. Ṣùgbọ́n òwe náà kò dúró síbẹ̀. Ọmọdé ni ó dárúkọ; ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọjọ́ orí àti òye ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú idà. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá ohun ìjà dára tàbí kò dára ni ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé, ta ni ó tó o gbé, ta ni yóò sì bi í léèrè bí ó bá ṣì í lò?

Òfin ìbọn ti ọdún 1959, tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, gbìyànjú láti dáhùn. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ìpín kìn-ín-ní ni àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀ wà, bí ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Àṣẹ olórí orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè mú kí ènìyàn ní wọn. Nínú ìpín kejì ni àwọn ìbọn ọdẹ òde òní wà, tí ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá lè fúnni níwèé àṣẹ fún. Ṣakabùlà, tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, wà nínú ìpín kẹta. Òun náà kò sì ṣe é ní láìgba ìwé àṣẹ. Òfin náà kọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún 5 sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá wo àwọn wọ̀nyí dáadáa, yóò rí i pé òwe èèkù idà gan-an ni òfin náà ń sọ.

Síbẹ̀, òfin tí ó ní kí ènìyàn má di ìhámọ́ra ti bá a dá májẹ̀mú. Ó ti ṣèlérí fún un pé ìjọba yóò ṣọ́ ọ. Bí ẹni tí ó ṣèlérí kò bá wá nígbà tí wọ́n ké sí i, ẹni tí ó gbé ohun ìjà sílẹ̀ ní ẹjọ́ gidi láti rò. Ta ni yóò dá ará Ọ̀wọ̀ lẹ́bi bí ó bá ní òun fẹ́ ìbọn, lẹ́yìn ohun tí ojú rí ní ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí wọ́n pa ènìyàn bí 40 níbi ìsìn? Ní oṣù yẹn kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Zamfara kéde pé kí àwọn ará ìlú lọ gba ìwé àṣẹ ìbọn, kí wọ́n lè gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn agbébọn. Ní ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko gbé àbá kan jáde pé kí òfin jẹ́ kí ará ìlú tí ó bá yẹ ní ìbọn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọwọ́rọ́sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí àdúgbò tí èrò kún, bí Ṣáṣá ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Bí ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá wọn bá ní ìbọn ìléwọ́, ìbọn tí yóò wà níbẹ̀ yóò lé ní 127,000. Ní Ṣáṣá, bí ti Ẹgbẹ́dá àti Ìkọ̀tún, ilé fara ti ilé, yàrá kọjú sí yàrá. Ọta tí ó bá tàsé olè, ara ẹlòmíràn ni yóò wọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà, ìròyìn kàn káàkiri Alímọ̀ṣọ́, Agége àti àwọn agbègbè ìtòsí títí wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, pé àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pe ara wọn ní Awawa àti One Million Boys ń bọ̀ wá jalè. Àwọn ọkùnrin jáde ní òru. Wọ́n dáná sun táyà ní ẹnu àdúgbò, wọ́n mú àdá àti igi dání, wọ́n sì fi ojú kan ilẹ̀ mọ́. Nínú irú òru bẹ́ẹ̀, àhesọ a máa yára ju òótọ́ lọ. Ẹni tí ó mú àdá dání gbọ́dọ̀ sún mọ́ ènìyàn kí ó tó lè ṣe é ní ibi. Bí ó ti ń sún mọ́ ọn, yóò bi í pé ta ni, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, bóyá yóò sì mọ̀ pé ọmọ ojúlé kẹta ni. Kì í ṣe pé àdá kò tíì pa aláìṣẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìbọn kò nílò láti sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni yóò ṣe ọlọ́pàá, ṣe adájọ́, ṣe olùpani, ní ìṣẹ́jú kan.

Ìtàn Yorùbá fúnra rẹ̀ fi hàn bí ìbẹ̀rù ṣe ń bí ìbọn, tí ìbọn sì ń bí ìbẹ̀rù. Nínú ogun Òwu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú nígbà tí ó jẹ́ pé àdá ni àwọn Òwu gbójú lé. Lẹ́yìn èyí, ìlú lórí ìlú ń wá ìbọn, nítorí pé aládùúgbò ti ní in. Ìbọn ni wọ́n fi ja ogun Ìjàyè láti ọdún 1860 sí 1862. Nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, ìró ìbọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Kírìjì. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó bá àwọn ènìyàn wọn wá ìbọn tuntun tí à ń ki láti ìdí, tí ó yára ju ṣakabùlà lọ. Ìbọn tuntun náà kò parí ogun. Àdéhùn ọdún 1886 ni ó pẹ̀tù sí i, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun sì tó tú ká.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí àwọn ọdẹ ti ń gbé ìbọn láti ìgbà àwọn baba ńlá? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹgbẹ́ ọdẹ mọ̀ ọ́n, ó ti fi irin búra níwájú Ògún, ìlú sì mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè bí ìbọn rẹ̀ bá ṣe ohun tí kò yẹ. Irú èrò yìí ni ó wà lẹ́yìn Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Àríyànjiyàn lórí irú ìbọn tí ó yẹ Àmọ̀tẹ́kùn yàtọ̀ sí àríyànjiyàn lórí ìbọn nínú àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí wọ́n lọ́ méjèèjì pọ̀.

Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, yan ọ̀nà tí ó yàtọ̀ síra. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní Scotland. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn ìbọn náà. Àyẹ̀wò òfin kò rí inú rẹ̀. Ní ọdún 1997, Bìrìtéènì fi òfin gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dúró lé àtúnṣe ìwé òfin ti ọdún 1791, ó sì sọ ní ọdún 2008 pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé rẹ̀.

Fún Ṣáṣá àti irú rẹ̀, ohun tí ó tọ́ ni kí ìbọn ìléwọ́ máa jẹ́ èèwọ̀ lọ. Ìdájọ́ yìí ní ohun tí yóò náni. Adigunjalè lè wọ ilé ẹni tí ìbọn ìbá gbà là, kí ẹni náà sì kú. Ẹni tí ó bá ń sọ pé kí ìbọn má wọ àdúgbò gbọ́dọ̀ lè ṣíjú wo òkú náà, kí ó sì gbà pé ìlú jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọlọ́pàá tí ó ń dáhùn ìpè, iná tí ó ń tàn lójú pópó, ọdẹ àdúgbò tí ẹgbẹ́ onílé àti àgọ́ ọlọ́pàá mọ orúkọ rẹ̀, àti aládùúgbò tí ó mọ ohùn aládùúgbò, ni wọ́n fi ń san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ìjọba tí ó bá gba ohun ìjà tí kò san án ti da májẹ̀mú, ó sì yẹ kí ará ìlú máa bi í léèrè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá torí ìjọba tí ó da májẹ̀mú fi ìbọn sí gbogbo ilé, ọmọ ilé ni ọta yóò kọ́kọ́ bá. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.