Iyè Àgbà àti Ẹ̀rí Ọmọ

Iyè a máa rà. Bí arúgbó bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìgbà tí wọn yóò gbé oúnjẹ wá fún òun, bẹ́ẹ̀ àwo tó fi jẹun tán ṣì wà níwájú rẹ̀, wọn a ní ó ti ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìkà nínú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń parí ọ̀rọ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti lè pè é ní arán, kò sẹ́ni tí yóò tún wádìí ohun tó fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, wádìí rẹ̀. Ní ọdún 1906 ló ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tó rí nínú ọpọlọ Auguste Deter, obìnrin tó ti tọ́jú ní Frankfurt, tí iyè rẹ̀ rà pátápátá, tó sì kú ní ẹni ọdún 55, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó lè pè é ní arúgbó. Orúkọ dókítà náà ni àrùn yìí ń jẹ́ títí di òní.

Ìmọ̀ nípa irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò lè ti inú ìgò àyẹ̀wò nìkan wá. Ó di dandan kí ẹni tó ń gbàgbé jókòó, kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kí ẹni tí iyè rẹ̀ ṣì pé náà jókòó, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn. Kí wọ́n sì tún padà wá lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ kò gba ìwòsàn, wọn kò sì fi oyè dá a lọ́lá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilẹ̀ tí omi ẹni yìí mú tutù, ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀ ẹ́, bóyá ọmọ tí wọn kò tíì bí, ní ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dé láéláé. Ọ̀làwọ́ ni, ṣùgbọ́n ó le ju ọ̀làwọ́ owó lọ, nítorí ẹni tó fi owó ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ máa ń rí ojú ẹni tó gbà á.

Níbi tí èyí ti hàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ni Ìdíkàn, àdúgbò kan láàárín ìgboro Ìbàdàn. Ní ọdún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, dáwọ́ lé ìwádìí tí yóò fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn àgbà adúláwọ̀ ìlú Indianapolis. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ. Àgbà 2,494 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Ìdíkàn, 2,212 sì ni ti Indianapolis. Púpọ̀ nínú àwọn ará Ìdíkàn kò mọ̀wé, ìdánwò tí wọ́n sì ṣe fún ẹni tó lọ ilé ìwé lókè òkun yóò kàn sọ ọlọ́gbọ́n di òpè ni. Nítorí náà ni wọ́n fi lo ìbéèrè tí kò la ìwé lọ: kí ni afárá, kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe, níbo ni wọ́n ti ń ra oògùn. Wọn a sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún àgbà náà, bí ọkọ̀ ojú omi, ilé, ẹja, wọn a yà sí ọ̀rọ̀ mìíràn, wọn a sì padà béèrè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gba ìrẹ̀lẹ̀ kí ìyá tó ti ta aṣọ fún ogójì ọdún, tó mọ gbèsè oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀, jókòó kí ọmọ tó lè bí lọ́mọ máa bi í léèrè iṣẹ́ òòlù, kó má sì bínú dìde.

Sùúrù wọn so èso. Nígbà tí àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1995, ọdún tí Ọ̀ṣuntókun kú, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn iyè rírà mú ní Ìdíkàn. Láàárín àwọn tó ń gbé nílé ara wọn ní Indianapolis, ìdá 4.82 ni. Adéṣọlá Ògúnníyì, Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ọdún 2001, wọ́n lè sọ iye àwọn tí àrùn náà ń mú lákọ̀tun lọ́dọọdún: ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún níbí, ìdá 3.24 lọ́hùn-ún. Àbùdá àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní APOE ε4, tó máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú àrùn Alzheimer ní ilẹ̀ òyìnbó, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn ará Ìdíkàn tì. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun àwọn ará Ìdíkàn àti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń dé bá wọn, èyí tó fi hàn pé ìran nìkan kò lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Oúnjẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru di ohun tí wọ́n ní láti yẹ̀ wò. Àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ èyí jẹ́ àgbà tí ìwé ìṣègùn kankan kò dárúkọ wọn.

Ṣùgbọ́n irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í gba ẹnu àgbà nìkan gbọ́. Ó tún máa ń bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀: ṣé ó ṣì ń mọ owó kà, ṣé ó máa ń ṣìnà ní àdúgbò tó ti dàgbà, ṣé ó máa ń gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná? Ibẹ̀ ni ìwà ti ń bá ìwà pàdé. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í tú àṣírí ìyá rẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ̀, ìlú àwọn Yàgbà ní ilẹ̀ Òkun, bí ó ti rí níbi gbogbo tí ẹbí ti jọ ń gbé agboolé, ohun tí ọmọbìnrin yóò kọ́kọ́ sọ fún àlejò tó gbé ìwé wá ni pé ara ìyá le, ọkàn rẹ̀ sì pé. Kò purọ́ láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Aṣọ ló ń fi bo ìyá rẹ̀. Àmọ́ aṣọ kan náà a máa bo egbò títí yóò fi kẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá dáhùn báyìí, ìwé yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn náà kò sí ní ilẹ̀ Òkun, kò sì sẹ́ni tí yóò rí ìdí láti rán nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú oògùn: nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lecanemab, oògùn àrùn Alzheimer, ní ọdún 2023, adúláwọ̀ kéré jọjọ nínú àwọn 1,795 tó kópa nínú ìdánwò tó gbè é lẹ́yìn. Ẹni tí kò sí níbi ìwọ̀n, kò sẹ́ni tó mọ bí oògùn náà yóò ti bá a mu.

Bíbò mọ́lẹ̀ tún ń bí ohun tó burú ju èyí lọ. Ìyá tó ń rìn kiri lóru, tó ń bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ikú tí kò mọ̀dí, ìlú tí kò mọ orúkọ àìsàn rẹ̀ yóò wá orúkọ mìíràn fún un. Wọn a ní ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Wọ́n ti lé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kúrò nílé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ tó ti fi ìtìjú pa ẹnu mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́ nígbà tí agbo ti pé.

Ìwà ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó ń dáhùn dọ́gba. Ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1932 títí di 1972, àwọn dókítà ìjọba ń wo nǹkan bí 400 ọkùnrin adúláwọ̀ tó ní àrùn sífílíìsì láìsọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wọn, wọn kò sì tọ́jú wọn kódà nígbà tí pẹnisílínì ti dé. Ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn gbòde, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò pẹ̀lú ọmọdé bíi 200. Ọmọ 11 kú, lára àwọn tó lo oògùn náà àti àwọn tó lo èyí tí wọ́n fi wé e, àwọn òbí kan sì ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi, òun àti ìjọba Kánò sì fi àdéhùn parí ẹjọ́ ní ọdún 2009. Kí àdéhùn náà tó wáyé, ìfura ti ṣe tirẹ̀: ní ọdún 2003 ni Kánò kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ̀, láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe ti dé ní ọdún 1908 ni àwọn ará ìlú ti ń wo ìwà àlejò kí wọ́n tó gba ohun tó mú wá, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ọsibítù ìjọ ECWA tó wà níbẹ̀ fi gba ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ní nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan péré tó láti fi irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Ó tún ku ti ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà débi pé kò mọ ohun tó ń gbà sí mọ́. Ọmọ lè fọwọ́ sí ìwé dípò rẹ̀. Síbẹ̀, bí ìyá bá fa apá rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, ó sì tó.

Bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá wọ agboolé kan ní Ẹ̀gbẹ̀ lọ́la, ìyá yóò jókòó sórí àpótí, àtẹ ẹ̀wà tí kò tíì ṣà tán yóò wà lórí itan rẹ̀. Wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un, yóò sì tún wọn sọ geerege. Wọn yóò bi í léèrè ọ̀nà ọjà; yóò júwe rẹ̀ dé ẹnu ìsọ̀ ẹni tó ń ta iyọ̀. Wọn yóò wá padà sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ìṣáájú. Yóò ní, "Ilé." Yóò dákẹ́, yóò sì wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ ẹja, ó mọ ọkọ̀. Ìyá yìí kan náà ló máa ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nígbà tó wà ní kékeré, tí ọ̀rọ̀ bá sọnù lórí ahọ́n rẹ̀. Yóò di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, yóò pa ẹnu mọ́, ẹni tó mú bírò yóò sì kọ ẹyọ kan sílẹ̀.